Ọkọ̀ Oníjókòó Méjì Kì í Ṣe Ọkọ̀ Ọ̀dọ́

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa ní Ìkòròdú pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníjókòó méjì, èyí tí ó rẹlẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi ikùn wọ́lẹ̀, tí òrùlé rẹ̀ sì máa ń ká sẹ́yìn nígbà mìíràn, ọkọ̀ ọ̀dọ́ ni. Bí ọmọkùnrin ẹni ọdún 25 bá wà á kọjá ní Garage, àwọn ènìyàn a ní ayé ń yẹ ẹ́. Bí bàbá ẹni ọdún 58 bá wà á kọjá níbẹ̀ kan náà, wọ́n a ní àgbàlagbà yìí kò gbà pé òun ti dàgbà, àwọn mìíràn a sì máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé obìnrin ni bàbá náà ń lé kiri. Bí ó bá wá jẹ́ ìyá àgbà kan ni ó jókòó sí ìdí ọkọ̀ náà, ẹnu wọn kì í tilẹ̀ gbà á sọ. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfepobọyọ̀ pé ìgbàgbọ́ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá ka gbogbo ohun tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, ẹni tí ó wà láàárín ọdún 50 sí 65 ni ó bá mu jù lọ, ọ̀dọ́ sì ni ó bá mu kéré jù.

Ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá kò ṣòro láti mọ̀. Nínú fídíò orin àti nínú ìpolówó ọjà, ọ̀dọ́ tí kò ní ẹrù kankan léjìká ni wọ́n máa ń fi sí ìdí ọkọ̀ náà, àwa náà sì gbà pé ẹni tí wọ́n fi hàn wá ni ẹni tí ó ń rà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é. Chevrolet Corvette jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1953, 300 péré ni wọ́n ṣe lọ́dún náà, gbogbo rẹ̀ sì funfun. Òun ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn oníjókòó méjì lọ́hùn-ún, púpọ̀ nínú àwọn tí ó sì ń rà á ní tuntun ni wọ́n ti kọjá ẹni ọdún 50 dáadáa. Mazda MX-5, tí àwọn ará Japan fi han aráyé ní Chicago ní oṣù kejì ọdún 1989, ni wọ́n dìídì ṣe kí owó rẹ̀ má baà ga ju apá ẹni tí ń gba owó oṣù lọ, wọ́n sì ti ṣe mílíọ̀nù kan nínú rẹ̀ ní ọdún 2016. Síbẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀dọ́ nìkan ni ó wà. Àwọn tí orí wọn ti ń funfun fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó gan-an ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn ń fojú fò. Ọ̀dọ́ tí ó ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ nílé rẹ̀ kò ra ọkọ̀ tirẹ̀ nìkan. Ọkọ̀ gbogbo ẹbí ni ó rà, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ìyá rẹ̀ yóò pè é láti Ìgbógbó pé kí ó wá gbé òun àti àbúrò òun lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta yóò ti dúró dè é ní Ìtamágà ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, pẹ̀lú aṣọ ẹbí tí wọ́n ti lọ̀, tí fìlà sì ti wà lórí. Bí ayẹyẹ bá parí, kúlà ìrẹsì yóò wà níbẹ̀ tí kò ní ẹni tí yóò gbé e. Nínú gbogbo ìpè wọ̀nyí, ẹnìkan ṣoṣo ni ó lè bá a gun ọkọ̀, àwọn yòókù yóò wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, wọn yóò sì rántí rẹ̀ títí láé pé ó ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbé ènìyàn.

Bí ó bá ti gbéyàwó tí ọmọ sì ti dé, ọ̀rọ̀ náà kọjá àìrọrùn, ó di ewu. Àga ọmọ ọwọ́ tí ń kọjú sí ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ wà níwájú àpò afẹ́fẹ́ tí ó lè bẹ́ jáde, nítorí pé agbára tí àpò náà fi ń jáde lè ṣekú pa ọmọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ibi tí a ń gbé ọmọdé sí, ọkọ̀ yìí kò sì ní ẹ̀yìn. Àwọn kan nínú wọn ní kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń pa àpò afẹ́fẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, àwọn mìíràn kò ní. Ó sì tún ku ibi tí ìyá ọmọ yóò jókòó sí. Àtubọ̀tán rẹ̀ ni pé ìyàwó á gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe nínú ọkọ̀ kankan.

Ẹ wá wo ẹni ọdún 56 tàbí 60. Ọmọ rẹ̀ tí ó kẹ́yìn ti wà ní yunifásítì tàbí ó ti ríṣẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n sì ti ní ilé tiwọn. Ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń gbé gbogbo wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ṣì wà lábẹ́ ìbòrí nínú ọgbà, nítorí náà òkú àti ìgbéyàwó kò lè ká a mọ́. Iṣẹ́ ìjọba a máa dá ènìyàn sílẹ̀ ní ẹni ọdún 60 tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí sì túmọ̀ sí pé kò tún ní jí ní aago mẹ́rin láti sáré lọ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n kù. Àwọn méjì, ìjókòó méjì. N kò mọ ohun tí ó tún yẹ kí ọkọ̀ kan ní fún irú ilé bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní ọkọ̀ eré ni, eré sì jẹ́ ti ọ̀dọ́. Eré gan-an kọ́ ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú wọn. MX-5 àkọ́kọ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní ẹ́ńjìnnì 1.6, agbára rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ẹṣin 116. Camry tí a ń pè ní Muscle, èyí tí ó jẹ́ V6 ti ọdún 2007, ní agbára ẹṣin 268. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé ní ọ̀nà Ṣàgámù, Camry tí bàbá fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé ni yóò já ọkọ̀ eré sílẹ̀ nínú eruku. Ohun tí wọ́n ń ra ọkọ̀ kékeré náà fún ni bí ó ṣe fúyẹ́, bí ó ṣe ń yà ní kọ́nà láìfì sí ẹ̀gbẹ́, àti bí ọwọ́ ṣe ń mọ ohun tí táyà ń ṣe lórí ọ̀dà. Ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ni ó lè gbádùn nǹkan wọ̀nyí láìtẹ iná kọjá ààlà.

Ẹni náà tí ó ti pẹ́ ní ìdí ọkọ̀ ni ó lè kápá rẹ̀ nínú òjò. Táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń yí nínú púpọ̀ nínú wọn, bíi MX-5, BMW Z4, Mercedes SLK àti Honda S2000, ìdí ọkọ̀ sì lè gba iwájú lọ bí a bá tẹ iná lójijì lórí ọ̀nà tútù. Ẹ̀rọ tí ń dá ọkọ̀ padà sójú ọ̀nà nígbà tí ó bá fẹ́ yọ̀ kò di dandan lórí gbogbo ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà títí di àwọn ti ọdún 2012, nítorí náà tòkunbọ̀ tí ó dàgbà lè má ní in rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé ìjàǹbá ojú pópó ni ó ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ. Kì í ṣe ọkọ̀ oníjókòó méjì ni ó ń pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí náà kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí á fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dán wò.

Ẹni tí ó bá ń rò pé ọwọ́ àgbàlagbà ti lọ́ra jù, kí ó wo àwọn tí wọ́n fi eré ọkọ̀ ṣiṣẹ́ jẹ. Juan Manuel Fangio, ọmọ Argentina, jẹ́ ẹni ọdún 46 nígbà tí ó gba ife-ẹ̀yẹ Formula 1 ti ọdún 1957. Luigi Fagioli ti Italy jẹ́ ẹni ọdún 53 nígbà tí ọkọ̀ tí òun àti Fangio jọ wà gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1951, ẹnikẹ́ni kò sì tíì dàgbà tó o kí ó tó borí nínú eré Formula 1. Paul Newman, òṣèré tíátà, wà lára àwọn tí ó borí ní ìsọ̀rí tiwọn nínú ìdíje oníwákàtí 24 ti Daytona ní ọdún 1995, ẹni 70 ọdún ni.

Ti owó kò gba àlàyé púpọ̀, àfi ibì kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ibi púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ adójútòfò á béèrè ọjọ́ orí awakọ̀, owó tí wọ́n á sì bù lé ọmọ ogún ọdún lórí irú ọkọ̀ yìí lè lé e kúrò ní ìdí rẹ̀. Níhìn-ín, ìwé adójútòfò tí òfin sọ di dandan, tí owó rẹ̀ fò láti 5,000 sí 15,000 náírà ní ọdún 2023, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọdún tí wọ́n bí i. Ìwé adójútòfò kejì, èyí tí ó ń bo ọkọ̀ onítọ̀hún fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, iye ọkọ̀ ni wọ́n ń wò, owó ìwé náà kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Nítorí pé kò sí ohun tí ó ń dá ọ̀dọ́ dúró nídìí ìwé, a rò pé kò sí ohun tí ó yẹ kí ó dá a dúró. Ojú ọ̀nà ni ó ti ń sanwó tirẹ̀: ní gbogbo ibi tí àwọn ọlọ́pàá bá ti ń dá ọkọ̀ dúró, wọ́n á bi í léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ọ̀rọ̀ Yahoo á sì wọ inú rẹ̀, nígbà tí wọ́n á kí bàbá pé ẹ kú ìrìn sà.

Sùúrù náà ń bẹ. Àwọn òkìtì tí ẹgbẹ́ onílé ń mọ sójú ọ̀nà àdúgbò kò mọ ọkọ̀ tí ó rẹlẹ̀. Ẹni tí yóò gùn ún ní láti dúró pátápátá, kí ó yí sítiárìn díẹ̀, kí táyà iwájú kan kọ́kọ́ gun òkìtì, kí èkejì tó tẹ̀lé e, kí ó sì máa tẹ́tí sí abẹ́ ọkọ̀ bóyá yóò ha. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ó wà lẹ́yìn á máa fọn fèrè. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ oníjókòó méjì kò sì ní táyà ìpààrọ̀ tí à ń pè ní ẹ́sítíráà; púpọ̀ nínú Corvette láti ọdún 1997 àti nínú Z4 ń lo táyà líle tí ó ṣì ń rìn bí afẹ́fẹ́ bá jò, èyí tí kì í ṣe gbogbo fọkanáísà ni ó lè tú kúrò lára irin rẹ̀ láìba etí rẹ̀ jẹ́. Ọ̀dọ́ tí ó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ kò ní àyè fún gbogbo èyí.

Ó wá ku ibi tí ọwọ́ àgbàlagbà kò ti wọ kèrègbè. Lẹ́yìn ọdún 65, orúnkún àti ìbàdí ẹlòmíràn kì í fẹ́ tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ojú kì í sì í tètè bọ̀ sípò lẹ́yìn iná ọkọ̀ tí ó kọjú síni lóru, pàápàá ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ níbi tí tírélà ti lè dúró láìní iná lẹ́yìn. Ọ̀dọ́ kan sì wà tí n kò ní bá jà: ẹni tí ó ní ọkọ̀ mìíràn nílé, tí kò sì tíì ní ọmọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó kọ́kọ́ fi ìdí jókòó, kí ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé lẹ́yìn náà, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì jáde padà láìdi òrùlé mú. Bí ó bá ní láti ké pe ẹni tí ń tà á kí ó wá fa òun dìde, Camry ṣì wà ní ìsọ̀ kejì.