Ta ló bẹ Àǹtí mi?

Mo ti ní mi ò ní sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń run mí nínú láti ọjọ́ Sọ́ńdè.

Ìdáríjì ni wọ́n wàásù lé lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣágámù níbí. Pásítọ̀ mú ìtàn Corrie ten Boom, obìnrin ará Netherlands tí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ fi àwọn Júù pamọ́ sẹ́yìn ògiri yàrá rẹ̀ nígbà ogun Hitler. Àwọn ọlọ́pàá Hitler wá kó wọn ní oṣù Kejì ọdún 1944. Bàbá rẹ̀, arúgbó ọdún 84, kú sí àtìmọ́lé láàárín ọjọ́ 10. Wọ́n kó òun àti Betsie ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Ravensbrück, àgọ́ ìyà tí ìjọba Hitler ń kó àwọn obìnrin sí ní Jámánì, ibẹ̀ ni Betsie kú sí kí ọdún náà tó parí. Ní 1947, Corrie ṣẹ̀ṣẹ̀ wàásù tán ní Munich ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ Ravensbrück na ọwọ́ sí i, ó ní kó dárí ji òun. Ọwọ́ Corrie kọ̀, kò gbé. Àfi ìgbà tó gbàdúrà sínú.

Ara mi ti ń rọ̀ wọ̀ọ̀. Ni pásítọ̀ bá yíjú sí apá ibi tí Àǹtí mi jókòó: "Àwọn kan wà níbí tó jẹ́ torí ilé lásán ni wọ́n ṣe ń di èèyàn sínú."

Ilé lásán! Obì ni Àǹtí ń tà. Owó obì ló wà nínú ilé yẹn, láti orí búlọ́ọ̀kù dé orí páànù. Ogójì ọjọ́ ọkọ wọn kò tíì pé tí àbúrò ọkọ fi tà á. Ọkùnrin náà sì wà ní ìjókòó iwájú lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ń ṣe "Àmín" kíkankíkan.

Ẹ̀ṣọ́ Jámánì yẹn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Ta ló bẹ Àǹtí? Mo mọ̀ pé ẹ máa ní Jésù dárí ji àwọn tí kò bẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n bínú díẹ̀ ná.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ bá wọn nílé. Wọ́n ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Mo bú pásítọ̀ títí, wọn ò fèsì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ní:

"Obìnrin yẹn gbàdúrà, ọwọ́ rẹ̀ sì gbé. Èmi ò tíì gba àdúrà yẹn rí. Ẹ̀rù ló ń bà mí, kí Ọlọ́run má lọ gbọ́ ọ."

Mo wá ohun tí màá sọ, mi ò rí. Mo gba ewùrà lọ́wọ́ wọn, mo ń bá wọn rin ín.