Àwọ̀ eérú ni BR 52 ìgbà ogun, kì í ṣe dúdú òun pupa

Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín mọ́ níbi àwòṣe kékeré BR 52 tí ẹ ṣe yìí, ìyẹn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin Jámánì tó ń fi èédú ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ pé gbogbo ẹ́ńjìnnì Jámánì ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ló dúdú, tí wíìlì wọn sì pupa, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ìgbà àlàáfíà nìyẹn. BR 52 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1942 nítorí ogun, àwọ̀ eérú ni wọ́n sábà máa ń kùn ún látòkè délẹ̀, àti wíìlì pàápàá. Wọ́n ṣe tó ju 6,000 lọ. Ta ló ráyè oge? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ rí nílé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí, lẹ́yìn ogun ni wọ́n kùn wọ́n ní dúdú àti pupa. Ibẹ̀ ló ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà.

Èyí tó tiẹ̀ ká mi lára jù ni ẹ̀yìn àwòṣe yín. Ọkọ̀ tó ru èédú àti omi tí ẹ so mọ́ ọn ní igun mẹ́rin gbọọrọ. Èyí tí ọ̀pọ̀ BR 52 ń fà rí roboto nísàlẹ̀ bí ọpọ́n ìwẹ̀. Ní ìwọ̀n 1:87, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ojúlówó, ojú á tètè rí ìyẹn. Ilé awakọ̀ tí ẹ sé pa tọ̀nà, nítorí òtútù Rọ́ṣíà ni. Ọ̀dà tí kì í dán ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi àwọ̀ èéfín àti ìpẹtà díẹ̀ ra á lára.