Áyọ́ọ̀nù ò kàn ń ba nǹkan jẹ́

Ẹnì kan sọ nípa áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù tó gbé iná mànàmáná sára) tí wọ́n fi ń lu ọ́ksáídì (àdàpọ̀ ọ́síjìn àti nǹkan mìíràn) pé: “Bíba awọ ọ́ksáídì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ áyọ́ọ̀nù” kẹ̀! Áyọ́ọ̀nù wo? Agbára rẹ̀ ńkọ́? A ti fi áyọ́ọ̀nù argon, gáàsì kan, lu awọ titanium dioxide (ọ́ksáídì irin titanium) rí níbi iṣẹ́ wa. Awọ tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó ń ta sí búlúù, iná mànàmáná tí kì í ráàyè kọjá lára rẹ̀ sì wá ń kọjá wẹ́rẹ́. Ọ́síjìn ni argon ń gbá dànù jù, torí ó fúyẹ́ ju titanium lọ. Àyè tí ọ́síjìn bá fi sílẹ̀ ló ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (ègé kékeré inú átọ́ọ̀mù tó ń gbé iná mànàmáná) sílẹ̀ fún iná. A yan án nínú ooru níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ó tún mọ́ padà. Ṣé ìbàjẹ́ nìyẹn?

Ẹlòmíì tún ní kí wọ́n sáà máa fi kún áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lù ú. Ẹ̀yin náà, ẹ rọra o. Bó bá ti pọ̀ jù, ètò kírísítálì (bí átọ́ọ̀mù ṣe tò létòlétò) á dàrú, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á sì máa há káàkiri. Zinc oxide, ọ́ksáídì mìíràn, wà lára àwọn tó lágídí (mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an): bí wọ́n ṣe ń lù ú ló ń tún ara rẹ̀ tò, kì í tètè dàrú bíi silicon, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ṣípù kọ̀ǹpútà, rárá.