Owó Ni Ká Bèèrè, Ká Fi Àdúrà Sílẹ̀

Bí ìdìbò bá ti ń kanlẹ̀kùn ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń fò láti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn. Wọ́n á ní olùdíje yìí, Mẹ́kà ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kì í ṣe Nàìjíríà. Wọ́n á ní ti ọ̀hún, àwọn pásítọ̀ Amẹ́ríkà ló ń tì í lẹ́yìn. Oníṣẹ̀ṣe ní tirẹ̀, wọn ò tiẹ̀ ní jẹ́ kó dé orí ìwé ìdìbò kí wọ́n tó ní kò yẹ lẹ́ni tí à ń fi ìlú lé lọ́wọ́. Ìwé ìròyìn yìí kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Síbẹ̀, a ò ní tan ara wa jẹ pé kò sí ìjọba òkèèrè tó ń gba ọ̀nà ẹ̀sìn wọlé onílé. Ó wà. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí ìlú wa yìí rí.

Oṣù kẹwàá ọdún 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀. Àwọn òyìnbó oníwàásù tí Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, gbà tọwọ́tẹsẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1843 ni Ẹ̀gbá lé jáde. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Henry Townsend fi ń tẹ Ìwé Ìròyìn láti ọdún 1859 bá a lọ, ibẹ̀ sì ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá kú sí. (Àwa tí a ń fi iṣẹ́ yìí jẹun kì í gbàgbé ìyẹn.) Bíbélì kọ́ ló dá ìjà náà sílẹ̀. Òyìnbó ti gba Èkó ní 1861, Glover tó ń ṣàkóso ibẹ̀ wá ń rán ọlọ́pàá sí ilẹ̀ tí Ẹ̀gbá ń pè ní tirẹ̀ létí ọ̀sà. Townsend pàápàá kì í ṣe ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ sídìí ìwàásù. Ó ń dá sí ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ oyè, ó sì ń bá àwọn aṣojú ọbabìnrin òyìnbó kọ̀wé. Ẹni tó bá ní Ẹ̀gbá kàn ń fura lásán nígbà náà kò mọ ìtàn.

Ṣùgbọ́n ta ló jìyà rẹ̀? Glover wà ní Èkó, ohunkóhun kò ṣe é. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó ti di onígbàgbọ́, tí bàbá wọn wà lára àwọn tó tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ wá sábẹ́ Olúmọ, ni ilé ò gbà mọ́. Púpọ̀ nínú wọn sá lọ sí Ẹ̀bútè Mẹ́ta, Glover yìí kan náà ló sì fún wọn nílẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ dó sí. Ẹni tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ìjọba Èkó tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ìjọba Èkó dáàbò bò. Àfọwọ́fà wa ni.

Nígbà tí wọ́n ń fura sí gbogbo ẹni tó mọ̀wé òyìnbó, ta ló ń kọ lẹ́tà sí Glover pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò sí lábẹ́ Èkó? George William Johnson ni, ẹni tó wà nídìí ìgbìmọ̀ ìjọba Ẹ̀gbá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1865. Sàró ni, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó ti Sierra Leone padà wálé, tí wọ́n sì mọ̀wé òyìnbó. Bó bá jẹ́ orúkọ àti ìwé tí ènìyàn kà la fi ń mọ ọ̀dàlẹ̀, òun ni à bá kọ́kọ́ dì lókùn.

Ìjọba Nàìjíríà pàápàá mọ bí wọ́n ṣe ń lo irú ìfura yìí. Ní 1957, wọ́n kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe, torí ó ti dé Ṣáínà, wọ́n sì ní yóò kó èrò kọ́múníìsì wá ran àwọn obìnrin wa. Opó àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni obìnrin yìí o. Àwọn ìyálọ́jà tó kó sòdí nígbà tí wọ́n ń bá owó orí jà ní Aké mọ̀ pé ebi àti owó orí ló lé àwọn jáde. Ṣáínà kò sí níbẹ̀.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ìjọba tiwantiwa kò bọ́ nínú àìsàn yìí. Ní 1960, Kennedy, ọmọ ìjọ Kátólíìkì tó ń díje fún ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, ní láti lọ dúró níwájú àwọn pásítọ̀ ní Houston, kó ṣàlàyé pé òun kò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ póòpù bí òun bá di ààrẹ. Wọn kò ní kí ẹni tó ń bá a díje ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ọmọ ìlú wa kan ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe ká ṣe é bó ti yẹ. M.K.O. Abíọ́lá, Bààbá Àdínì ilẹ̀ Yorùbá, tó jáde ilé ẹ̀kọ́ Baptist Boys' High School níbí, mú Mùsùlùmí bíi tirẹ̀, Kingibe, ṣe igbákejì ní 1993. Kìrìsìtẹ́nì dìbò fún wọn, Mùsùlùmí dìbò fún wọn. Ẹni tó fagi lé ìbò náà kò ti òkèèrè wá. Ọmọ Nàìjíríà ni, aṣọ ológun ló sì wọ̀.

Níbo wá ni kí ojú wa wà? Ẹ lọ sí Ìtòkú. Àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ti kún ibẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì lè dán ju tiwa lọ. Oníbàárà tó gbọ́n kì í jiyàn, á kàn yí aṣọ náà sódì. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ, aró ti wọ̀ ọ́ dé ẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sábà máa ń funfun. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni kí àwa náà yẹ̀ wò: ta ló sanwó, kí ló ní kí wọ́n ṣe, kí ló dé tí wọn kò fẹ́ ká mọ̀?

Nígbà tí ìjọba Babangida mú Nàìjíríà wọ OIC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, ní 1986, ohun tó burú níbẹ̀ kì í ṣe pé àjọ Mùsùlùmí ni. Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Ebitu Ukiwe tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ pàápàá sọ ní gbangba pé wọn kò jíròrò rẹ̀ níbi ìgbìmọ̀, kò sì pẹ́ púpọ̀ tó fi kúrò nípò. Ní òdìkejì, nígbà tí Trump kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀sìn ni ènìyàn lára ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2025, tó tún ní òun lè rán ọmọ ogun wá, kíá ni àwọn kan ti ń bi Kìrìsìtẹ́nì pé ṣé ẹ̀yin lẹ lọ pè é. Àwọn tí wọ́n ń pa lókè ọ̀hún, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, ẹkún wọn kì í ṣe ìwà ọ̀dàlẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan ń gbowó láti máa ti Amẹ́ríkà tàbí ìjọba mìíràn lẹ́yìn níbí, owó yẹn ni ká bi í.

Òfin wa ti rìn dé ìdajì ọ̀nà. Abala 10 ìwé òfin ọdún 1999 ní ìjọba kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ti ìjọba. Abala 222 kò gbà kí orúkọ tàbí àmì ẹgbẹ́ òṣèlú jọ ti ẹ̀sìn. Abala 225 ní ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n bá fi owó ránṣẹ́ sí láti ilẹ̀ òkèèrè gbọdọ̀ kó o fún INEC láàárín ọjọ́ 21. Òfin ìdìbò wa sì kọ̀ kí wọ́n fi ilé ìjọsìn polongo ìbò. Ibi tí òfin ti jó ni pé ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ni abala 225 dè. Owó tó bá gba ẹ̀yìn àga ìwàásù tàbí mínbárì wọlé, tó wá jáde gẹ́gẹ́ bí àtìlẹ́yìn fún olùdíje kan, kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ afúnni ló ń wà lókè.

Ohun tí a ń fẹ́ rèé. Ìjọ, mọ́sálásí tàbí ẹgbẹ́ oníṣẹ̀ṣe yòówù tí olórí rẹ̀ bá jáde ní gbangba pé ẹni báyìí ni kí wọ́n dìbò fún, kó kéde iye owó tó gbà láti ilẹ̀ òkèèrè lọ́dún náà àti ẹni tó fún un. Èyí tí kò bá dá sí ọ̀rọ̀ ìbò, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu, ì báà gba owó ilé ìwòsàn láti Jámánì tàbí owó kànga láti Kuwait.

Àwọn kan á ní ìjọba yóò sọ ọ́ di kóńdó tí wọn yóò máa fi na ẹni tí wọn kò fẹ́. Lẹ́yìn ohun tí wọ́n fi ìwé ìrìnnà ṣe fún Olóyè Ransome-Kuti, a ò lè ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ pé ìkéde ni, kì í ṣe ìwé àṣẹ. Kò gbọdọ̀ sí gómìnà tàbí ọlọ́pàá tí wọn yóò kọ́kọ́ lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀. INEC ni kó gba ìwé náà, kó sì lẹ̀ ẹ́ síta.

Kò sì dìgbà tí wọ́n bá ṣòfin tuntun l'Abùjá. Àwọn olórí Kìrìsìtẹ́nì àti àwọn olórí Mùsùlùmí ní ìpínlẹ̀ Ògùn lè jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo kí ìpolongo tó gbóná. Tí wọ́n bá sì ń pèpàdé rẹ̀, kí wọ́n rántí ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ̀ṣe, torí òde kì í sábà gbàgbé wọn bí kò ṣe ibi tí wọ́n bá ti ń fọwọ́ sí nǹkan.