Ká rìn, ká pọ̀: ta ló kù lẹ́yìn?

"Ká rìn, ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni." Tá a bá ti gbọ́ òwe yìí, òde àríyá lọkàn wa máa ń lọ, aṣọ ẹbí, gèlè, mọ́tò tó tò tẹ̀lé ìyàwó. Bí èmi náà ṣe gbọ́ ọ láti kékeré nìyẹn. Àfi ìgbà tí mo tẹ̀lé àwọn èèyàn wa lọ gun òkè ní Wales nítorí ọdún òmìnira Nàìjíríà ni mo tó rí i pé ìdajì òwe ni mo ń pa. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ "ká pọ̀". "Ká rìn" tó ṣáájú ẹ̀ ni a kì í wò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, torí ẹsẹ̀ èèyàn ò dọ́gba.

Snowdon ni ọ̀pọ̀ wa ń pe òkè yẹn. Àwọn onílẹ̀ ń pè é ní Yr Wyddfa, láti 2022 sì ni àwọn tó ń bójú tó ọgbà ìjọba ibẹ̀ ti ní orúkọ àbáláyé yẹn làwọn á máa lò, ó dùn mọ́ mi nínú gan-an. Òun ló ga jù ní Wales, mítà 1,085, bẹ́ẹ̀ Olúmọ tí wọ́n kó wa lọ wò nígbà tá a wà ní púráímárì, mítà 137 náà ni. Bá a ṣe gbéra ní Manchester láàárọ̀ kùtù Sátidé yẹn, àwa ogún, aṣọ funfun àti gíríìnì lọ́rùn gbogbo wa, kò sí ẹnì kankan tó béèrè pé ta ni orúnkún ń dùn. Ọ̀nà Llanberis la gbà, òun ló rọ̀ jù, àmọ́ òun náà ló jìn jù, àlọ àtàbọ̀ ẹ̀ á lé ní kìlómítà 14, ẹni tó mọ̀ ọ́n rìn á lò bíi wákàtí mẹ́fà. Rélùwéè wà tó ń gun òkè náà láti 1896, àmọ́ a ti ní ẹsẹ̀ wa la ó fi gùn ún.

Àǹtí wa kan wà láàárín wa, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, àwọn ló se jọ̀lọ́ọ̀fù tí gbogbo wa jẹ nínú bọ́ọ̀sì. Bá a ṣe rìn tó wákàtí kan, a ò gbóhùn wọn mọ́. Ẹnì kan ní "wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn", gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀, torí ara ń yá wa, orin ń lọ. A dé orí òkè, a tò sórí ìlà títí ó fi kàn wá níbi òpó òkúta tí gbogbo èèyàn ti ń ya fọ́tò, a na àsíá, a kọ orin orílẹ̀-èdè, atẹ́gùn ń gbọn àsíá náà pàpàpà débi pé èèyàn mẹ́rin ló dì í mú. Fọ́tò náà dáa. Èèyàn mọ́kàndínlógún ló wà ńbẹ̀.

Ìgbà tá à ń sọ̀ kalẹ̀ la bá wọn lórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà, kùrukùru ti bo ibẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì pupa tí kì í ṣe tiwọn wà léjìká wọn, tọkọtaya òyìnbó kan tí àǹtí ò mọ̀ rí ló fi bò wọ́n tí wọ́n sì jókòó tì wọ́n. Àǹtí gbójú sókè, wọ́n ní, "Ẹ kú ọdún òmìnira o." Wọn ò bú wa. Ì bá sàn kí wọ́n bú wa.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn nínú bọ́ọ̀sì nígbà tá à ń padà, tí ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Àsíá tá a gbé gòkè yẹn, ẹni tó wà lájò bíi tiwa ló yà á. Táíwò Akínkúnmi, ọmọ Ìbàdàn, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní London nígbà tó fi iṣẹ́ ẹ̀ ránṣẹ́ síbi ìdíje àsíá, ó ya oòrùn pupa sáàárín funfun, àwọn tó ń ṣèdájọ́ yọ oòrùn yẹn, wọ́n mú ìyókù, òun sì ni wọ́n gbé sókè ní October 1, 1960. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà n'Ìbàdàn tí ìjọba ò béèrè ẹ̀, àsíá ń fẹ́ lórí gbogbo ọ́fíìsì ìjọba, orúkọ ẹni tó yà á ò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, àfi 2014 ni wọ́n tó fún un ní OFR, oyè tí ìjọba àpapọ̀ fi ń dá èèyàn lọ́lá, ó sì papò dà ní 2023. A máa ń bínú sí ìjọba lórí irú ẹ̀. Àwa náà wá gbé àsíá gòkè, a fi ẹni tó bọ́ wa sílẹ̀ nínú kùrukùru.

Ìyẹn ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń pète irú ẹ̀ lọ́dún yìí, ní Wales o, ní Scotland o, níbikíbi. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wúwo jù ni kẹ́ ẹ fi síwájú, kí alágbára kan máa bọ̀ lẹ́yìn pátápátá. Tí ẹnì kan bá ní òun ò lè lọ mọ́, kò gbọdọ̀ dá nìkan padà, kí ẹni méjì tẹ̀lé e, kò sì sí ìtìjú nínú ẹ̀. Ẹ fẹnu kò sí aago tí gbogbo yín á padà, yálà ẹ débẹ̀ ni o tàbí ẹ ò débẹ̀, torí lóṣù October oòrùn ti máa ń wọ̀ kí aago méje alẹ́ tó lù. Tọ́ọ̀ṣì, jákẹ́ẹ̀tì òjò, fèrè. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 999 ni kẹ́ ẹ pè, ẹ ní ọlọ́pàá lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ wá sọ fún wọn pé Mountain Rescue lẹ ń wá, ìyẹn àwọn tó ń gba èèyàn là lórí òkè, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, kódà ojú títì Wales ń pa á lówe, wọ́n kọ ARAF gàdàgbà sílẹ̀ láwọn kọ́nà, "ẹ rọra" ló túmọ̀ sí lédè wọn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rù bà mí kí n tó pe àǹtí. Wọ́n gbà. Àwọn ló ṣíwájú, tí wọ́n bá dúró a dúró, a jẹ mọ́ín-mọ́ín lórí òkúta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí márùn-ún ká tó débi òpó yẹn. Wọ́n di etí àsíá mú lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n wojú wa yí ká, wọ́n ní, "Ẹ kà á, ṣé a pé?"

A kà á. A pé.