Raimondi kò jí iṣẹ́ Raphael

Mo rí i tí ẹ ń pín in kiri pé olè paraku ni Marcantonio Raimondi, ará Ítálì tó máa ń fín àwòrán sórí bàbà láti fi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, pé ńṣe ló jí gbogbo àwòrán Bíbélì tó fín sórí bàbà lọ́dọ̀ Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, àti Raphael, ayàwòrán ará Ítálì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Ti Dürer, n ò ní gbèjà Raimondi. Ní nǹkan bí ọdún 1506, ó da àwòrán ìgbésí ayé Màríà tí Dürer tẹ̀ láti ara igi kọ sórí bàbà, ó sì tún fi àmì A àti D tí Dürer fi ń ṣe ìdámọ̀ sí i (ojú ẹ̀ mà le o!). Vasari, ará Ítálì tó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ayàwòrán, sọ pé Dürer gbé ẹjọ́ náà dé ìlú Venice ní Ítálì, àti pé àmì yẹn nìkan ni wọ́n ní kí Raimondi má lò mọ́.

Ti Raphael kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo èyí tí àwọn ọmọ ogun Hẹ́rọ́dù ti ń pa àwọn ọmọ ọwọ́, nǹkan bí ọdún 1512. Kò sí ibi tí Raphael ti fi ọ̀dà kun àwòrán yìí. Torí kí wọ́n lè fín in sórí bàbà ló ṣe yà á. Ọ̀kan lára ìwé tó kọ́kọ́ yà á sí ṣì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Lára òkúta kan nínú àwòrán náà, wọ́n kọ ọ́ lédè Látìn pé Raphael ará Urbino ló gbèrò rẹ̀, àmì Raimondi sì wà níbẹ̀. Baviera, ọmọṣẹ́ Raphael fúnra rẹ̀, ló ń bójú tó títẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àjọṣe ni.