Ikọ́ tó dáwọ́ dúró kò sọ pé ẹ̀pà ti jáde

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan kọ ọ́ sórí gúrúùpù WhatsApp wa pé ẹ̀pà há ọmọ òun lọ́fun, ó húkọ́ títí ojú ẹ̀ fi pọ́n, ó wá dákẹ́. Kíá ni ìmọ̀ràn ń rọ́ wọlé: "Ẹ fún un ní òkèlè ẹ̀bà kó fi tì í." "Tí kò bá ti húkọ́ mọ́, ó ti dé ikùn nìyẹn." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ ọ́!

Ọ̀nà oúnjẹ ọ̀tọ̀, ọ̀nà èémí ọ̀tọ̀. Kò sí òkèlè tó lè bá ẹ̀pà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ikọ́ lè dákẹ́ torí pé ẹ̀pà ti rí ibi jókòó sí, ó sì ti ń mọ́ ọ̀nà èémí lára. Ẹ̀ka apá ọ̀tún ló sábà máa ń bọ́ sí, torí òun ló fẹ̀ jù, tó sì dúró ṣánṣán ju ti òsì lọ. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀, àní fún oṣù, kó máa fa omi, kó máa wú, kí òróró inú rẹ̀ máa dá egbò síbẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Ikọ́ dákẹ́ lóòótọ́. Nígbà tó yá, ibà dé, àyà rẹ̀ ń han. Wọ́n lo oògùn òtútù àyà, wọ́n lo ti ikọ́ fée. Yóò san díẹ̀, yóò tún padà. Wọ́n ya X-ray, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Báwo ni yóò ṣe sí? Ẹ̀pà kì í hàn nínú X-ray bí ìṣó ṣe ń hàn! Dókítà àgbà kan ló gbọ́ pé afẹ́fẹ́ kò wọlé dáadáa lápá ọ̀tún, ló bá bi ìyá rẹ̀ léèrè: "Ṣé nǹkan há a lọ́fun rí?" Kò sẹ́ni tó bi í tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún ọmọ lóògùn oorun, wọ́n ṣe bronchoscopy fún un: wọ́n ti irin oníhò tó ní iná gba ẹnu rẹ̀ wọlé, wọ́n sì fi ẹ̀mú tín-ín-rín yọ ààbọ̀ ẹ̀pà jáde. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun o. Láti 1897 ni Gustav Killian ti fi irú irin bẹ́ẹ̀ yọ eegun nínú ọ̀nà èémí àgbẹ̀ kan ní Freiburg, Jámánì.

Ó dáa, àwọn ọmọ kan máa ń hú u jáde fúnra wọn. Ṣé ẹ fojú rí i? Tí ẹ ò bá rí i, ilé ìwòsàn ńlá tó ń ṣe bronchoscopy fún ọmọdé ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ sì sọ pé nǹkan há a kí ẹ tó dárúkọ ikọ́ rárá.